Igi gíga, ibòji tín-ín-rín: ṣé eucalyptus ni Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ń fẹ́?

Ẹ yẹ ojú ìwé àwọn tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ ìgbéyàwó l'Ékòó wò lórí Instagram. Ewé kan wà níbẹ̀ tí kì í wọ́n: ó rí roboto bíi kọ́bọ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n bu eérú sórí ewé tútù. Eucalyptus nìyẹn. Oníke ló pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n ó ti wọ àwọn èèyàn lójú débi pé wọ́n ti ń wá ojúlówó rẹ̀ tí wọ́n máa gbìn sílé. Àwọn tó ní ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí ní London náà ti rí fọ́tò igi yìí lẹ́yìn ilé wọn, igi tó ga ju òrùlé lọ, tí yìnyín bò láti òkè délẹ̀, tí kò sì kú. Ni wọ́n bá ń béèrè pé ṣé a ò lè gbin irú ẹ̀ sí Ìsọlọ̀ ni? Wọ́n ní òórùn rẹ̀ ń lé ẹ̀fọn. Wọ́n ní ó ń mu omi bíi ràkúnmí. Àdúgbò wa sì rèé, òjò wákàtí kan péré ti tó láti sọ ọ́ di adágún.

Èsì tèmi ò gùn: igi London yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ sí London. Àlàyé ẹ̀ ló gùn díẹ̀, torí pé ó kan ohun tó ju igi kan lọ. Ó kan irú igi tí ìjọba àti àwọn onílé l'Ékòó fẹ́ràn, àti ẹni tí wọn ò fẹ́ kó jókòó sábẹ́ ẹ̀.

Òru Èkó ló máa pa á

Ohun tí à ń pè ní eucalyptus kì í ṣe igi kan ṣoṣo. Ẹ̀yà ẹ̀ lé ní 700, Ọsirélíà sì ni orírun èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn kan ga kọjá ohun téèyàn lè rò. Èyí tí wọ́n ń pè ní Centurion ní erékùṣù Tasmania, ẹ̀yà Eucalyptus regnans ni, ó ga tó mítà 100. Ẹ ṣáà mọ Cocoa House n'Íbàdàn? Mítà 105 nìyẹn. Igi là ń sọ o, kì í ṣe símẹ́ǹtì.

Tasmania yìí kan náà ni Eucalyptus gunnii ti wá, èyí tó wọ́pọ̀ nínú ọgbà àwọn èèyàn ní Britain. Orí òkè tí omi ti ń dì ló ti ń hù níbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi lè fara da òtútù tó lọ tó ìwọ̀n 14 lábẹ́ òdo. Ewé roboto tí ẹ sì ń rí yẹn, ewé ọmọdé ni. Bí igi náà bá ti ń dàgbà, ewé ẹ̀ á gùn, á tẹ́ẹ́rẹ́, á máa rọ̀ wálẹ̀. Àwọn tó ń tà á fún ọ̀ṣọ́ máa ń gé e mọ́lẹ̀ lóòrèkóòrè kó lè máa rú ewé kékeré. Nítorí náà ẹni tó bá gbìn ín torí ẹwà Instagram, tó wá jẹ́ kó ga, ohun tó wá kọ́ ló máa pàdánù.

Kódà, irúgbìn àwọn ẹ̀yà orí òkè wọ̀nyí ní láti gba òtútù sára kí ọ̀pọ̀ wọn tó hù dáadáa. Wọ́n á pò ó mọ́ yanrìn tútù, wọ́n á gbé e sínú fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Pẹ̀lú iná ti Ìsọlọ̀ yìí, ẹ kú oríire.

Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní ó hù. Igi ń se oúnjẹ ara ẹ̀ lọ́sàn-án, oòrùn ni iná tó fi ń se é. Bó bá di alẹ́, oòrùn ti lọ, síbẹ̀ igi ṣì ń mí, ó sì ń ná nínú ohun tó sè lọ́sàn-án. Bí òru bá tutù, ìnáwó á kéré, ìyókù á sì di igi àti ewé. Bí òru bá móoru, ìnáwó á pọ̀. Igi tí a dá fún òtútù, tí a wá gbé síbi tí gbogbo òru ti ń móoru, ńṣe ló dà bí ẹni tó ń gba owó oṣù tí kì í tó o délé. Ní Òṣòdì, níbi tí àwọn NiMet tó ń wo ojú ọjọ́ fún wa gan-an ní ọ́fíìsì sí, òru tó tutù ju ìwọ̀n 20 lọ ṣọ̀wọ́n, àfi nígbà ọyẹ́. Ẹ tún fi ọ̀rinrin wa kún un, èyí tó ń bí èbu sára ewé. Igi náà lè má kú lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Á kàn máa ṣe bí aláìsàn títí yóò fi sú yín.

Àwọn tó fi igi yìí ṣòwò kì í bá ojú ọjọ́ jà. Ní Brazil, ìhà gúúsù tí ìrì dídì ti máa ń bọ́ ni wọ́n ti ń gbin àwọn tó lè fara da òtútù, bíi Eucalyptus benthamii àti dunnii. Níbi tó gbóná, urophylla tí wọ́n gbà pọ̀ mọ́ grandis ni wọ́n ń lò. Nílé wa níbí náà, ibi tí eucalyptus ti fìdí múlẹ̀ kì í ṣe Èkó. Ní Jos àti Bukuru, òun ni wọ́n fi bo ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí àwọn tó ń wa tíìnì ti gbẹ́ ságbasàgba. Jos ga ju mítà 1,200 lọ sókè òkun. Ní òkè Mambilla ní Taraba, níbi tí ewé tíì ti ń hù, tó ga tó nǹkan bíi mítà 1,600, eucalyptus pọ̀ níbẹ̀ bí igi gmelina ṣe pọ̀ lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú. Ní àríwá tó gbẹ, Eucalyptus camaldulensis ni wọ́n gbìn láti fi dènà afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀. Àwọn Hausa tiẹ̀ ń pè é ní turare, ọ̀rọ̀ kan náà tí àwa sọ di tùràrí. Imú wọn ò parọ́.

Ẹnì kan lè sọ pé, ṣé ohun tí mò ń sọ ni pé eucalyptus ò lè hù létí òkun rárá? Rárá o. Ní Pointe-Noire, ní Congo-Brazzaville, létí òkun níbi tó gbóná bíi tiwa, ẹgbẹẹgbẹ̀rún hẹ́kítà ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ń gé e ní nǹkan bí ọdún méje. Ẹ̀yà tí wọ́n yàn ló mú kó rí bẹ́ẹ̀. Camaldulensis lè hù l'Ékòó. Citriodora tó ń rùn bí ọsàn wẹ́wẹ́ lè hù. Deglupta náà lè hù, èyí tí èèpo ara ẹ̀ dà bíi pé ọmọ iléèwé fi kírẹ́yọ̀n kùn ún, torí pé àwọn erékùṣù olójò bíi Philippines àti Papua New Guinea ni tirẹ̀. Bí ẹni tó ń ta irúgbìn bá wá sọ fún yín pé tòun ń fara da òtútù, tó sì fi ìyẹn gbówó lé e, ẹ bi í pé òtútù wo l'Ékòó?

Ẹ̀fọn ò ka igi sí

Ìlérí ẹ̀fọn yìí ti pẹ́. Láàárín ọdún 1860 sí 1880, àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́-anìkàngbé kan ní Tre Fontane, lẹ́bàá ìlú Róòmù, gbin eucalyptus rẹpẹtẹ torí ibà tó ń pa wọ́n. Nígbà náà, afẹ́fẹ́ burúkú inú irà ni wọ́n rò pé ó ń fa ibà, wọ́n sì gbà pé igi tó ń rùn dáadáa máa fọ afẹ́fẹ́ náà mọ́. Kò pẹ́ sígbà náà, ní ọdún 1897, ni Ronald Ross rí i ní ilẹ̀ Íńdíà pé inú ẹ̀fọn ni kòkòrò ibà ń gbé. Ohun tí eucalyptus lè ṣe ni kó fa omi irà kan gbẹ díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n bá gbin púpọ̀. Irà tó gbẹ ló ń dín ẹ̀fọn kù, kì í ṣe òórùn ewé.

Ìjọba Èkó ìgbà náà ò tiẹ̀ dúró de igi. William MacGregor, tó jẹ́ gómìnà láti 1899 sí 1904, dókítà ni. Ó pín kuníìnì, ó da yẹ̀pẹ̀ sí irà, orúkọ ẹ̀ ló sì wà lára kánààlì tó la àárín Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí kọjá. Iṣẹ́ ṣọ́bìrì nìyẹn.

Ibi tí òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà ni òróró. Nínú citriodora yẹn, wọ́n ń yọ òróró kan, wọ́n á tún un ṣe, àwọn CDC ní Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i pé èèyàn lè fi para kí ẹ̀fọn má bàa jẹ ẹ́. Ẹ kíyè sí i: òróró tí wọ́n ti yọ, tí wọ́n ti mú kó lágbára, tí èèyàn fi para. Igi tó dúró jẹ́ẹ́ sí kọ̀rọ̀ ọgbà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Rọ́ọ̀bù tí àwọn ọmọ ń tà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òṣòdì náà, òróró eucalyptus wà nínú ẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbé agolo Rọ́ọ̀bù sójú wíńdò tó wá sùn láìta nẹ́ẹ̀tì.

A ti gbọ́ irú ìlérí yìí rí o. Ṣé ẹ rántí igi tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní masquerade tree, tí ewé ẹ̀ bo ìdí ẹ̀ bí agọ̀ eégún? Àkókò kan wà tó jẹ́ pé láńlọ́ọ̀dù tí kò bá ní in lójú géètì kì í ṣe láńlọ́ọ̀dù gidi. Wọ́n ní ó ń lé ẹ̀fọn. Ẹ rìn wọ Àjàó Estate lónìí, igi náà wà níta, nẹ́ẹ̀tì náà wà lójú wíńdò.

Omi àti ìwọ̀n pílọ́ọ̀tì

Ti omi ńkọ́? Òótọ́ ni pé eucalyptus ń mu omi. Ó ń mu ún débi pé ní ọdún 2009, mínísítà àyíká ní Kenya, John Michuki, pàṣẹ pé kí wọ́n hú èyí tí wọ́n gbìn sétí odò. Ní South Africa, òfin omi wọn ti ọdún 1998 sọ pé ẹni tó bá fẹ́ dá oko igi ńlá sílẹ̀ ní láti gba àṣẹ, torí pé ó ń dín omi odò kù. Nígbà náà, àwa tí omi pọ̀ fún ní Ìsọlọ̀, ṣé kì í ṣe àwa ló yẹ ká gbìn ín?

Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Omíyalé tó ń bá wa jà ní Okota àti Ago Palace kì í ṣe omi tó ń rọra kó jọ láti ọdún dé ọdún. Òjò tó fi wákàtí méjì rọ̀ sórí páànù, táìlì, kọnkéré àti ọ̀dà ni, tó wá ń wá ọ̀nà gba inú gọ́tà tí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ti dí. Igi ń fi gbòǹgbò fa omi díẹ̀díẹ̀ láti inú ilẹ̀, lójoojúmọ́. Omi tí kò ráyè wọ ilẹ̀ kò lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ohun tó máa ran gọ́tà lọ́wọ́ ni ilẹ̀ tí a ò fi símẹ́ǹtì dí, àti ewé tó gbòòrò tó ń gba òjò dúró kó tó balẹ̀. Eucalyptus kò lówó nínú èyí kejì, ẹ ó rí ìdí ẹ̀ láìpẹ́. Oṣù kejì ọdún, tí òjò ti lọ, tí kànga àdúgbò ti ń fà, ìgbà yẹn gan-an ni òun á ṣì máa mu tirẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò tí kò le. Pílọ́ọ̀tì kan l'Ékòó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, ìyẹn mítà 18 sí 36. Púpọ̀ nínú wa ní Mafolúkù tàbí Ilasamaja ò tiẹ̀ ní ju ìdajì pílọ́ọ̀tì. Eucalyptus tó bá rí ilẹ̀ tó wù ú ga mítà 30 kò jẹ́ nǹkan kan fún un. Bó bá ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ilé aládùúgbò ló ń lọ. Kò tiẹ̀ dìgbà tó bá ṣubú: camaldulensis lókìkí fún jíjá ẹ̀ka ńlá bọ́ láìsí ìjì, lọ́jọ́ tí gbogbo nǹkan dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ wá fojú inú wo wáyà iná àdúgbò yín, bó ṣe ta kókó síra wọn bí irun tí wọn ò yà. Ẹ tún wo sókéwéè tó wà lẹ́yìn ilé, bí gbòǹgbò bá rí i, ó rí ilé oúnjẹ. Àwọn tó wà ní Mafolúkù àti Àjàó tún ní tiwọn lọ́tọ̀, torí pé pápákọ̀ òfurufú ti wọ ẹ̀yìnkùlé wọn, kò sì sí awakọ̀ òfurufú tó fẹ́ rí ohun gíga lọ́nà ẹ̀.

Bí ẹ bá sì pinnu láti gé e nígbà tó bá ti di wàhálà, ìjọba wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí òfin ọdún 2011 ti dá LASPARK sílẹ̀, èèyàn kì í kàn gbé àáké ti igi l'Ékòó láìgbàṣẹ. Òfin tó dáa ni, n ò bá a jà. Mo kàn ń sọ ọ́ kẹ́nì kan má bàa rò pé gbígbìn nìkan ni ìnáwó tó wà níbẹ̀ ni.

Iná náà kò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òróró tó ń rùn yẹn ń jó. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, iná igbó pa èèyàn tó lé ní 60 ní Pedrógão Grande ní Portugal, nínú igbó tí eucalyptus àti páìnì pọ̀ sí, lẹ́yìn ẹ̀ ni ìjọba wọn sì dín gbígbin eucalyptus tuntun kù. Igi kan ṣoṣo ní Ìsọlọ̀ kò lè dá irú ẹ̀ sílẹ̀, òjò wa pọ̀. Síbẹ̀, n ò rí ìdí tí ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì á fi máa kó ewé olóròóró jọ sídìí ẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Ta ló fẹ́ ibòji l'Óṣòdì?

Ibi tí mò ń bọ̀ gan-an rèé. Ewé eucalyptus tó ti dàgbà kì í tẹ́ pẹrẹsẹ bí ewé furúùtù. Ńṣe ló ń rọ̀ wálẹ̀, etí ẹ̀ ló ń kọ sí oòrùn, kí oòrùn ọ̀sán má bàa mú un lómi púpọ̀. Ọgbọ́n dáadáa ni fún igi tó ń gbé ilẹ̀ gbígbẹ. Fún ẹni tó dúró sábẹ́ ẹ̀, oòrùn á máa bá a níbẹ̀.

Ẹ wá ro gbogbo igi tí ìlú Èkó ń lé kiri fún ọ̀ṣọ́. Royal palm: ìdí funfun gbọọrọ, ewé mélòó kan lókè réré. Masquerade tree: ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò ní ẹ̀ka tí ológbò lè sùn sábẹ́ ẹ̀. Eucalyptus tí àwọn kan ń fẹ́ báyìí, ọ̀nà kan náà ló ń tọ̀. Lójú tèmi, kì í ṣe ẹwà nìkan ló fà á. Igi tó ní ibòji ń kó èèyàn jọ. Ibi tí ibòji bá wà, ìyá alákàrà á dé, vọkanáísà á dé, àwọn ọlọ́kadà á jókòó, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á gbé tábìlì Lọ́tò síbẹ̀. Ìjọba tó ti fi ọdún gbọọrọ lé èèyàn kúrò l'Óṣòdì kò ní fọwọ́ ara ẹ̀ gbin ohun tó máa pè wọ́n padà.

Ẹ rántí bó ṣe lọ. Oṣù Kìíní ọdún 2009, ìjọba Fashola wó àwọn ṣọ́ọ̀bù Òṣòdì, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn níbi tí kì í ti í rìn tẹ́lẹ̀. N ò ní purọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ló pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbin òdòdó àti koríko síbi tí ọjà wà, wọ́n sì fi irin ṣọgbà yí i ká. Oṣù Kìíní ọdún 2016, ìjọba Ambode wó ọjà Owónifáàrí. Lórí ilẹ̀ Òṣòdì yìí náà ni wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ alájà púpọ̀ mẹ́ta tí Buhari wá ṣí ní oṣù Kẹrin ọdún 2019. Gbogbo èyí, iye ọkọ̀ tó ń kọjá ni wọ́n fi wọn àṣeyọrí ẹ̀. Èèyàn tó ń fẹsẹ̀ rìn láti Bọ́ládé dé Cappa ní aago kan ọ̀sán, kò sẹ́ni tó kà á. Ẹ lọ wò ó fúnra yín. Ẹ ó rí èèyàn mẹ́rin tó tò tẹ̀lé ara wọn sínú òjìji òpó iná kan ṣoṣo. Abẹ́ bíríìjì ni ibòji gidi tó kù, ìyẹn náà sì rèé, wọ́n ń lé èèyàn níbẹ̀.

Ìlú yìí ò sì bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ìdí-Àràbà, Ìdí-Ìrókò, Ìdí-Máńgòrò: kọ̀ńdọ́ ń pe orúkọ wọn lójoojúmọ́, èrò ń bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè pé igi náà dà. Igi ni wọ́n fi ń júwe ọ̀nà nígbà kan torí pé abẹ́ ẹ̀ lèèyàn ń dúró sí. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, igi ọdán ló ń wà lójú ọjà àti níwájú ààfin, kì í ṣe torí pé ó ga, torí pé ó fẹ̀ ni.

Kí n má bàa dà bí ẹni tó kórìíra eucalyptus, ìlú kan wà tí igi yìí gbà là. Nígbà tí Menelik Kejì tẹ Addis Ababa dó ní 1886, kò pẹ́ tí wọ́n fi gé gbogbo igi ìdáná àyíká ẹ̀ tán, débi pé wọ́n ti ń gbèrò àtikó olú ìlú náà lọ síbòmíràn. Nínú àwọn ọdún 1890 ni wọ́n kó eucalyptus wọ ibẹ̀. Orí òkè ni Addis wà, ó ga ju mítà 2,300 lọ, òru ibẹ̀ tutù, bí wọ́n sì ti ń gé igi náà ló tún ń rú. Wọ́n rí igi dáná, wọ́n rí òpó kọ́lé, ìlú dúró. Ohun tí Addis ń wá ni igi ìdáná, òun náà ló sì rí. Òṣòdì kò wá igi ìdáná. Ohun tí kò ní ni ibi tí èèyàn lè dúró sí de bọ́ọ̀sì láìjẹ́ pé orí ẹ̀ ń hó.

Bí ẹ bá ní ilẹ̀ tó láyè ní Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìkòròdù, tí ẹ sì fẹ́ fi eucalyptus ṣòwò òpó tàbí òróró, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ kọ́kọ́ bá àwọn FRIN sọ̀rọ̀ n'Íbàdàn nípa ẹ̀yà tó yẹ. Ti òróró, FIIRO tó ti ń ṣèwádìí lórí iṣẹ́ ọwọ́ àti ohun àmúṣọrọ̀ abẹ́lé láti 1956 wà ní Òṣòdì níbẹ̀, ẹ wọlé lọ béèrè. Bó bá di ríra, kékeré ni kí ẹ rà, èyí tí gbòǹgbò ẹ̀ kò tíì ká nínú ọ̀rá. Èyí tó ti ga lójú ọ̀nà, tí gbòǹgbò ẹ̀ ti lọ́ yípo bí okùn, ìjì ló máa wó o lọ́jọ́ iwájú. Kí ẹ sì mọ̀ pé Ṣáínà ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú òróró náà lágbàáyé, owó táṣẹ́rẹ́ kọ́ lẹ máa fi bá wọn figagbága.

Ẹni tó jẹ́ pé òórùn ẹ̀ nìkan ló wù ú, kó gbin citriodora sínú ìkòkò ńlá, kó máa gé e lórí. Tàbí kó gbin ewé tíì àti ẹfinrin, tí òun á tún rí fi se nǹkan. Fún ojúlé tó láàyè díẹ̀, àgbálùmọ̀ àti máńgòrò wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ àdúgbò á máa sọ òkúta. Fún ẹ̀bá títì, furúùtù ni n bá mú: ẹ̀ka ẹ̀ ń tẹ́ bí agboòrùn, ó ń yára, ó sì ń gba ilẹ̀ oníyanrìn. Ewé ẹ̀ ń já púpọ̀, ẹnì kan ní láti máa gbá a kó má bàa di gọ́tà. Ọdán dáa fún gbàgede tó fẹ̀, kò dáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rárá, gbòǹgbò ẹ̀ kò mọ ògiri.

Ìgbà tí a ń gbìn ín náà tún wà níbẹ̀. Láti 2008, ọjọ́ 14 oṣù Keje ni ọjọ́ igi gbígbìn ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Gómìnà á gbin tirẹ̀, alága káńsù á gbin tirẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò. Igi tí wọ́n gbìn lọ́jọ́ yẹn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 15 sí ìparí oṣù Kẹwàá, òjò oṣù Kẹjọ á sì tún dáwọ́ dúró díẹ̀ láàárín ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, oṣù Kọkànlá dé, ilẹ̀ gbẹ. Èyí tí a bá gbìn ní ìparí oṣù Kẹrin ní oṣù mẹ́fà. Oṣù méjì àtààbọ̀ tó wà láàárín yẹn ló sábà máa ń ya èyí tó yè sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó kú, pàápàá níbi tí kò ti sẹ́ni tó ń bomi rin ín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Òṣòdì, Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn báyìí. Káńsù mẹ́ta ló wà lórí ilẹ̀ yẹn: Oshodi-Isolo fúnra ẹ̀, pẹ̀lú LCDA Ìsọlọ̀ àti LCDA Èjìgbò. Ẹ kọ ìbéèrè mẹ́rin ránṣẹ́ sí èyí tó jẹ́ tiyín. Igi mélòó ni wọ́n gbìn lọ́jọ́ 14 oṣù Keje tó kọjá? Mélòó ló ṣì wà láàyè, ní òpópónà wo? Ẹ̀yà wo ni? Ta ni wọ́n ń san owó fún láti máa bomi rin ín láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta? Bí èsì bá dé, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, màá gbé e síbí bó ṣe rí. Bí kò bá sì dé, ẹ ya fọ́tò ihò tí igi wà tẹ́lẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ bọ́sítọ́ọ̀bù ibẹ̀ sí i.